Kí ni orí ń wá nínú owó-orí?

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2026 tí òfin owó-orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ ń bi mí ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìjọba máa ki ọwọ́ bọ àkáǹtì wa ní báǹkì? Ṣé owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sí ìyá mi láti Ìlú Ọba, wọ́n á bù lára ẹ̀? Ṣé ìyá tó ń ta àkàrà létí títì náà máa san? Èmi kì í ṣe onímọ̀ ọrọ̀-ajé o. Èdè ni mo fi ọjọ́ ayé mi kọ́ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ìdajì ẹ̀rù tó ń ba àwọn èèyàn, inú ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń gbé: owó-orí. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀nà tí mo mọ̀ wọ inú ọ̀rọ̀ náà.

Tí ẹ bá wo orúkọ tí àwọn baba wa fún oríṣiríṣi owó tí ìlú ń gbà, ẹ ó rí i pé orúkọ kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ibi tí wọ́n ti ń mú èèyàn. Owó-ibodè, ẹnu ibodè ìlú ni oníbodè jókòó sí, kò sí ẹni tó gbé ẹrù ọjà kọjá níwájú rẹ̀ tí kò ní já nǹkan sílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń mú yín: ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń san án. Owó-orí ńkọ́? Orí èèyàn fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n á ka orí, orí kọ̀ọ̀kan á mú iye kan wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní irú rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ wọn 'poll', tí wọ́n ń lò fún irú owó báyìí, orí ni ìtumọ̀ rẹ̀ láti àtètèkọ́ṣe.

Lónìí, a ti na ọ̀rọ̀ náà débi pé ilé-iṣẹ́ tí kò ní orí, tí kò ní ọrùn, ń san owó-orí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń ṣe, a ò lè bá a jà. Ṣùgbọ́n ìrántí tó wà nínú ọ̀rọ̀ kì í tètè kú. Tí ẹ bá sọ fún ẹni ọgọ́rin ọdún ní ìgbèríko Ìbàdàn pé owó-orí tuntun dé, kì í ṣe ìṣirò ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ló máa wá sí i lọ́kàn. Ohun tó máa wá sí i lọ́kàn ni akódà tó dé ní ìdájí, àti àwọn ọkùnrin tó gba ẹ̀yìnkùlé sá wọ igbó.

Ìṣòro owó tí wọ́n ń kà lórí ni pé orí kan kì í ju orí kan lọ. Olówó ní ẹyọ kan, tálákà náà ní ẹyọ kan. Iye tí ọ̀kan yóò san tí kò ní mọ̀ ọ́n lára, òun ni èkejì yóò torí ẹ̀ ta ewúrẹ́. Ìtàn wa kún fún ìjà tó ti ibẹ̀ yọ. Ọdún 1918 ni ogun Àdùbí bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn tí àwọn Òyìnbó gba òmìnira Ẹ̀gbá lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì wá gbé owó-orí àti iṣẹ́ àfipáṣe dé. Àwọn èèyàn hú irin ojú-ọ̀nà rélùwéè. Ní 1947, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó sòdí dìde, torí pé wọ́n ń gba owó-orí lọ́wọ́ ìyàwó lọ́tọ̀, lọ́wọ́ ọkọ lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin ò ní aṣojú kankan nínú ìgbìmọ̀ tó ń náwó náà. Aláké Adémọ́lá fi ìlú sílẹ̀ ní 1948, ó sì sọ̀kalẹ̀ lórí oyè ní oṣù kìíní 1949. Wọ́n dá owó-orí àwọn obìnrin dúró. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n bá jà o: kì í ṣe owó náà nìkan, ẹni tó ń ná an wà nínú ẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù láti ṣàlàyé ni ti Àgbẹ́kọ̀yà, torí pé ìmọ̀ èdè wà nínú ẹ̀. Ní 1968 sí 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, àwọn àgbẹ̀ Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sọ pé ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni àwọn lè san. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó gbọ́ 'ọ̀kẹ́' rò pé àpò kan lásán ni. Ọ̀kẹ́ kan, ẹgbàáwàá owó ẹyọ ni, ìyẹn 20,000. Nígbà tí owó Òyìnbó dé, àwọn èèyàn wa ka ọ̀kẹ́ kan sí ṣílè márùn-ún, orúkọ náà sì wà lẹ́nu wọn títí di ìgbà tí kò sí owó ẹyọ lọ́jà mọ́. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè, ìyẹn pọ́n-ún kan àbọ̀. Àgbẹ̀ tó ń fi owó ẹyọ ka owó-orí ìjọba ológun ní 1969! Wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi láti tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn nílùú àti lóko. Ìgbà tí Awólọ́wọ̀ lọ bá Táfá Adéoyè àti àwọn èèyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni ìjà rọlẹ̀, tí wọ́n wá sọ owó-orí náà di pọ́n-ún méjì. Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àgbẹ̀ kòkó, tó yẹ kó lówó lọ́wọ́ ju ọ̀pọ̀ lọ, kò fi lè san ju ọ̀kẹ́ mẹ́fà? Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Owó-orí tó wúwo jù tí ó ń san, kò lórúkọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí ẹni tó pè é ní owó-orí rí. Lọ́dọ̀ Mákẹ́ẹ̀tì Bọ́ọ̀dù ni. Bọ́ọ̀dù yìí nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ta kòkó sókè òkun, òun ló sì ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà. Iye tó ń dá kéré sí iye tí ayé ń rà á. Wọ́n ní àwọn ń tọ́jú ìyókù kó lè ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní ọdún tí ọjà bá kú. Nígbà tó yá, ìyókù náà di owó ìjọba. Àgbẹ̀ ti san owó-orí lórí ìwọ̀n kòkó kí akódà tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀, akódà kò sì mọ èyí, tàbí kó mọ̀ ọ́n kó máa díbọ́n.

Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn tí ẹ bá ń gbọ́ àríyànjiyàn nípa owó-orí. Èyí tí a ń pariwo lé lórí ni èyí tó ní orúkọ. Èyí tí kò lórúkọ a máa kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Kí ẹ má bàa rò pé àwọn èèyàn wa kàn kórìíra owó-orí ni, ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Kí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn gba ṣílè mẹ́wàá àbọ̀ lórí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tó ń san owó-orí, fún ẹ̀kọ́ àti ìlera. Ariwo sọ. Nínú ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ náà fìdí rẹmi nílé ara rẹ̀, NCNC ló borí. Lẹ́yìn náà ni ilé-ìwé ṣí, tí ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ alákàrà gbé síléètì dání lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú ìbò agbègbè ní 1956, àwọn èèyàn kan náà dìbò padà fún ẹgbẹ́ kan náà. Mi ò ní sọ pé ilé-ìwé nìkan ló fà á, ọ̀rọ̀ ìṣèlú kì í ní gbòǹgbò kan ṣoṣo. Àmọ́ owó tí wọ́n gbà ní 1953 àti 1954, gbogbo ojú ló rí i ní 1955.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì, ìyẹn ìnáwó. Ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún bọ́jẹ́ẹ̀tì ni ìṣúná, mo sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Ṣún un ná: ná an díẹ̀díẹ̀, kó lè dé ibi tó yẹ kó dé. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a yá yẹn, láti inú Faransé ló ti wá, àpò awọ kékeré ni ìtumọ̀ rẹ̀. Tiwọn ń sọ ibi tí owó wà, tiwa ń sọ bó ṣe yẹ kí ọwọ́ ṣe sí i. Ó wá kù kí a bi ara wa bóyá ìṣúná ni ohun tí wọ́n ń kà fún wa lọ́dọọdún.

Ní 2023, àpapọ̀ ohun tí ìjọba àpapọ̀ kọ sínú ìwé pé òun yóò ná jẹ́ tírílíọ̀nù ₦21.83. Àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti owó tí wọ́n ń retí pé yóò wọlé jẹ́ tírílíọ̀nù ₦11.34. Ẹ kà á dáadáa: ó ju ìdajì lọ. Ẹni tó ń retí ₦100,000 lóṣù tó wá kọ ìnáwó ₦208,000 sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyàwó rẹ̀ máa wò ó lójú.

Mo mọ̀ pé àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé kì í fẹ́ ká fi ìjọba wé ilé, òótọ́ sì wà lẹ́nu wọn. Ìjọba kì í fẹ̀yìntì bí irú mi, kì í kú, ó sì lè tẹ owó tirẹ̀. Bó bá yá owó láti ṣe ojú-irin tí yóò lo àádọ́ta ọdún, kò burú bí àwọn tó máa wọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ iwájú bá bá wa dá nínú ẹ̀. Mi ò sí lára àwọn tó gbà pé dandan ni kí owó tó wọlé àti èyí tó jáde dọ́gba lọ́dọọdún. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni yíyá owó jẹun, tí a ó tún yá òmíràn láti fi san èlé ti àkọ́kọ́.

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ kan tó ṣàlàyé èyí ju ìwé ọrọ̀-ajé lọ: ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó yóò fi ọmọ rẹ̀, tàbí ara rẹ̀, sọ́dọ̀ olówó láti máa bá a ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ máa rò pé iṣẹ́ náà ń dín gbèsè kù. Rárá o. Iṣẹ́ ìwọ̀fà, èlé ni. Ó lè ṣe é fún ogún ọdún, odidi owó tí wọ́n yá ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Nínú ìṣúná ọdún 2025, tó jẹ́ tírílíọ̀nù ₦54.99, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún gbèsè lé ní tírílíọ̀nù ₦14. Nínú náírà mẹ́rin tí wọ́n ní àwọn máa ná, ó ju ọ̀kan lọ tó ń lọ sóko olówó. A máa ń sọ pé àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ní ti gbèsè ìjọba, òwe náà kò ṣẹ, torí ẹni tó jẹun ti lọ sílé, àwọn ọmọdé ló ń ru igbá.

Nígbà tí owó-orí kò tó, tí gbèsè sì ti ga, ọ̀nà kẹta ṣì wà, òun ló sì jọ ti Mákẹ́ẹ̀tì Bọ́ọ̀dù jù lọ. Òfin Báǹkì Àpapọ̀, CBN, gbà pé ìjọba lè yá owó díẹ̀ lọ́wọ́ báǹkì náà bí owó bá fẹ́ pẹ́ kó tó wọlé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún tó ṣáájú. Wọ́n ń yá a, wọ́n ń yá a, títí ó fi lé ní tírílíọ̀nù ₦22. Ní oṣù karùn-ún 2023 ni àwọn aṣòfin gbà kí wọ́n sọ ọ́ di gbèsè ogójì ọdún. Owó yẹn, kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ kó tó wáyé. Wọ́n kọ iye kan sínú ìwé ni, owó sì jáde. Bí owó bá pọ̀ sí i lóde tí iṣu kò pọ̀ sí i lóko, ẹ̀yin náà mọ ohun tí iṣu yóò ṣe. Kì í ṣe èyí nìkan ló fa ọ̀wọ́n-gógó tí a rí o. Ìyọkúrò owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 wà níbẹ̀, bí náírà ṣe já wálẹ̀ wà níbẹ̀, àìláàbò lóko náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bá wọn dá sí i. Ìyá tó rọ gàrí ní Ọjà Ọba, tí gàrí ₦1,000 rẹ̀ ń kéré sí i, owó-orí ló ń san yẹn. Kò sí akódà, kò sí fọ́ọ̀mù, kò sí ilé aṣòfin tó dìbò lé e lórí. Ó tún burú ju ti orí lọ, torí olówó ti fi tirẹ̀ ra ilẹ̀ àti dọ́là, tálákà ló ń kó náírà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń pariwo pé kí ìjọba má gba owó-orí kankan pé kí wọ́n rọra. Ohun tí wọn kò bá gbà ní gbangba, wọ́n á gbà á ní ìkọ̀kọ̀.

Ó yá, òfin tuntun. Ààrẹ Tinúbú buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2025, òfin mẹ́rin ni wọ́n pa pọ̀. Ní ti owó oṣù, ₦800,000 àkọ́kọ́ tó bá wọlé fún yín lọ́dún, wọn ò ní fọwọ́ kàn án. Èyí tó tẹ̀lé e, títí dé mílíọ̀nù ₦3, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Ó ń gòkè bẹ́ẹ̀ títí tí èyí tó bá lé ní mílíọ̀nù ₦50 á fi san ìdá 25. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin, ìyẹn ₦70,000, kò ní san nǹkan kan. Owó ìfẹ̀yìntì náà bọ́. Ẹ bá mi yọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Olùkọ́ kan ń gba ₦150,000 lóṣù, mílíọ̀nù ₦1.8 lọ́dún. Ó ń san ₦400,000 owó ilé. Òfin gbà kó yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé yẹn (kò gbọdọ̀ ju ₦500,000 lọ), tirẹ̀ jẹ́ ₦80,000. Ó ku ₦1,720,000. Ẹ yọ ₦800,000 tí wọn kì í fọwọ́ kàn, ó ku ₦920,000. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ ₦138,000 lọ́dún, ₦11,500 lóṣù. Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ yọ owó ìfẹ̀yìntì tó ń dá sílẹ̀, yóò tún dín sí i. Ẹ rí i pé orí kọ́ ni wọ́n ń kà níbí mọ́. Alákàrà tí èrè rẹ̀ lọ́dún (èrè ni mo wí o, kì í ṣe gbogbo owó tó wọ inú igbá) kò bá ju ₦800,000 lọ kò ní san kọ́bọ̀ lórí rẹ̀.

Ní ti àkáǹtì báǹkì, òfin kò ní kí wọ́n ki ọwọ́ bọ ọ́ torí pé ẹnì kan fi owó ránṣẹ́ sí yín. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ẹ̀bùn ni, kì í ṣe owó iṣẹ́. Ohun tó yí padà ni ₦50 tí wọ́n ń yọ lórí ₦10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó fi ránṣẹ́ ló ń san án báyìí, kì í ṣe ẹni tó gbà á.

VAT wà ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tó ti wà láti 2020. Ìdá 5 ló jẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1994. Wọ́n sọ ti oúnjẹ gidi, ẹ̀kọ́ àti ìtọ́jú ìlera di òdo. Ìjà tó gbóná níbẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pín in. Tẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 15, ìpínlẹ̀ 50, ìjọba ìbílẹ̀ 35. Ní báyìí, ìjọba àpapọ̀ mú 10, ìpínlẹ̀ 55, ìbílẹ̀ sì wà ní 35. Nínú ti àwọn ìpínlẹ̀, wọ́n ń pín ìdajì dọ́gba-dọ́gba, ìdá 20 nípa iye èèyàn, ìdá 30 nípa ibi tí wọ́n ti ra ọjà náà lò. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kókó. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó san VAT lórí ìpè fóònù rẹ̀ ní Iléṣà, Èkó ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, torí ibẹ̀ ni olú iléeṣẹ́ wà. Bí wọ́n bá ṣe é bí òfin ti wí, Ọ̀ṣun ni yóò jẹ́ ti Iléṣà.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú Abuja ní gbogbo ìgbà. Owó-orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín, Abuja kọ́ ló ń lọ, àyàfi bí ẹ bá ń gbé ibẹ̀ tàbí tí ẹ jẹ́ sójà. Ìpínlẹ̀ tí ẹ ń gbé ló ń gbà á. Ẹni tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, Agodi ni tirẹ̀ ń lọ. Ẹni tó wà ní Ìkòròdú, Alausa ni. Gómìnà yín ni kí ẹ bi léèrè.

Ẹ̀yin ayálégbé, òfin ní kí ẹ sọ iye owó ilé yín bó ṣe rí gan-an kí wọ́n tó yọ ìdá 20 yẹn fún yín, ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ wà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí gba rìsíìtì lọ́wọ́ onílé láti ìsinsìnyí, ẹ jọ̀ọ́. Onílé lè fajú ro díẹ̀, torí owó tí ẹ kà sí i lọ́wọ́ yẹn, ó yẹ kí òun náà san owó-orí lórí rẹ̀.